Ẹni Tó Kúnlẹ̀ Lẹ́yìn Odi

Sabon Gari, Kano
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹrin, 2025

Bọ̀ọ̀dá mi Bọ́lájí,

Ẹ kú òtútù ibẹ̀ o. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ ò tíì mọ́ lọ́dọ̀ yín bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìyàwó wa ńkọ́, àti ẹni tó gbé sínú? Ẹ bá mi kí i, kí ẹ ní mo ń rò ó.

Ohun tí mo rí ní àárọ̀ òní nìyí, mo kọ wọ́n bí mo ṣe rí wọn. Mo rí ìkòkò ẹ̀wà lórí ààrò, iná ti kú lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀wà ò sì tíì rọ̀. Mo rí sùtánà funfun Mama lórí okùn níbi tí mo sá a sí láti ọjọ́ Àìkú. Wọn ò ká a, wọn ò sì lọ sí àdúrà ìdájí. Mo rí fóònù mi, wọ́n da ojú rẹ̀ dé sábẹ́ abọ́ ìrẹsì. Mo rí Mama lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ méjèèjì láàárín itan. Mo rí Màláàmù tó máa ń wá jẹun láti ọ́fíìsì wọn ní Airport Road. Ó dúró, ó kí wọn bó ṣe máa ń kí wọn, "Ina kwana, Mama Bolaji." Mama wò ó títí. Wọ́n wá fi Hausa sọ fún un pé láti òní lọ, Mama Zipporah ni kó máa pe àwọn.

Màláàmù rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Mama ò rẹ́rìn-ín.

Bọ̀ọ̀dá, èmi ni àbíkẹ́yìn. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, kò sẹ́ni tó fi orúkọ mi pe Mama rí. Ìyá Bọ́lájí ni wọ́n ń jẹ́ ní ọjà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, àti lẹ́nu àwọn ọmọ Íbò tó wà ní òdìkejì wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n. Ẹ má pe fóònù tèmi, wọn ò fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ pe Ìyá Japhet tó ń din àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọn á gbé e fún Mama. Láti ìgbà tí ẹ ti sọ pé iṣẹ́ òru ò jẹ́ kí ẹ ráyè gbé ìpè, pé kí n máa tẹ lẹ́tà ránṣẹ́ láti orí fóònù, mo ń kọ ọ́ ní Yorùbá bí Mama ṣe fẹ́, kí wọ́n lè gbọ́ ọ tí mo bá kà á. Èyí ni àkọ́kọ́ tí mo máa kọ láìkà á sí wọn létí.

Mo fẹ́ bi yín ní ohun kan. Ní ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun, níbo lẹ wà nínú géèmù yín yẹn? Ta lẹ bá sọ̀rọ̀?

Àbúrò yín,
Zipporah


Winnipeg, Kánádà
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin

Zipporah,

Mo kí ọ, mo kí Mama wa. Ara le níbí. Inú Fọláwùmí ti tóbi débi pé kò lè wọ bàtà fúnra rẹ̀ mọ́, èmi ni mo ń bá a wọ̀ ọ́. Dókítà ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù karùn-ún ni.

Lẹ́tà rẹ bà mí lẹ́rù díẹ̀, lẹ́yìn náà ó bí mi nínú. Bí Mama ò bá lọ sí àdúrà ìdájí, ooru ni. Ṣé mo ti gbàgbé oṣù kẹrin Kano ni? Máa ra omi tútù fún wọn. Ní ti orúkọ, o mọ̀ pé Mama fẹ́ràn láti máa fi Màláàmù yẹn ṣe yẹ̀yẹ́.

Kí ló wá kàn ọ́ nípa géèmù mi? Àbí ìwọ náà ti wà lára àwọn tó ń sọ pé eré ọmọdé ni? Jẹ́ kí n là ọ́ lóye. Nínú Ìlú Olódi, gbogbo ènìyàn ló ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn odi, ní ìpele kìn-ín-ní, pẹ̀lú ọ̀pá kan lọ́wọ́, tí wọ́n ń pa eku. Kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ ní ìwé ẹ̀rí, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ pé ọmọ ibo ni ọ́. O pa eku títí, o gòkè. O wa òkúta, o gòkè. Tó o bá dé ogójì, wọ́n ṣí ẹnubodè fún ọ, o di ará ìlú. Èmi ti wà ní ìpele kejìlélọ́gọ́rin. Èmi ni Balógun ẹgbẹ́ wa, Àgbà Odi, ọmọ Yorùbá ni gbogbo wa, láti Ìbàdàn títí dé Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí kò bá tíì tó ogójì, tó fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ lẹ́nu ibodè, ó gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ ná. Èmi ni mo ṣe òfin yẹn. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn á kàn máa pariwo bí ẹ̀gà: ẹ fún mi ní idà, ẹ fún mi ní ẹṣin. Ẹni tó bá ti jìyà kó tó gòkè kì í fẹ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀.

Níbi iṣẹ́ mi, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ló ń pàṣẹ fún mi. "Ìwọ yẹn" ló ń pè mí, ó ní orúkọ mi ti gùn jù. Èmi tí mo jáde yunifásítì, kẹ̀kẹ́ ẹrù ni mo ń tì láti alẹ́ dé àárọ̀. Mo bá délé, mo wọ ìlú mi, àwọn ènìyàn dìde fún mi. Má fi ìyẹn ṣẹ̀sín.

Sọ fún Mama kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ tí wọ́n ṣèlérí fún ìbímọ yìí, kí wọ́n sì gbàdúrà sínú fóònù ránṣẹ́ sí Fọláwùmí. Ojoojúmọ́ ló ń béèrè. Ìyá rẹ̀ ti kú, o mọ̀. Ó ní òun ò lè wọ yàrá ìbímọ láìgbọ́ ẹnu Mama.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Mobọ́lájí


Sabon Gari
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹrin

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ òru, ẹ kú ìtọ́jú aboyún. Mo ti ka lẹ́tà yín. N kò kà á sí Mama létí.

Mo fẹ́ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí n má fi kún un, kí n má sì yọ níbẹ̀.

Nígbà tí ẹ ò gbé ìpè mọ́, Mama ò jẹ́ kí n sinmi, kí n ṣáà wá ibi tí àwọn ti lè rí yín. Mo rántí orúkọ tí ẹ ń jẹ́ nínú géèmù láti ìgbà tí ẹ wà nílé. Mo gbé géèmù náà sórí fóònù mi, mo dá ènìyàn kan sílẹ̀ níbẹ̀, mo sọ ọ́ ní Àdàbà. Mama ní kí n wé gèlè funfun fún un kó lè jọ àwọn. Mo pa eku dé ìpele kẹrin, mo dúró síbẹ̀, torí kì í ṣe eré ni mo wá ṣe. Ní ìrọ̀lẹ́, tí oníbàárà bá ti dín, mo máa ń gbé fóònù fún wọn. Wọn á dúró lẹ́yìn odi, wọn á máa wò yín lókèèrè lórí ẹṣin.

Wọ́n ní, "Ó ti sanra díẹ̀."

Mo ní, "Mama, kì í ṣe ara rẹ̀ gan-an nìyẹn."

Wọ́n ní, "Gbẹ́nu sọ́hùn-ún. Mo mọ ìjókòó ọmọ mi."

Mo ní kí wọ́n má bínú pé wọn ò jẹ́ ká wọlé. Mama rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣebí ẹ̀yìn odi náà ni Kano fi àwọn bàbá wa sí nígbà tí wọ́n dé, pé ibi tó ti mọ́ wa lára ni.

Ní Ìṣẹ́gun yẹn, àwọn oníṣẹ́ ọ́fíìsì pọ̀, èmi ni mo ń gbé abọ́ kiri. Mama nìkan ló wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé pẹ̀lú fóònù. Mo gbọ́ ohùn yín. Ohùn yín gangan, tí a ò gbọ́ láti oṣù kejì. Ẹ ní, "Ẹ kúnlẹ̀. Gbogbo yín, ẹ kúnlẹ̀."

Bọ̀ọ̀dá, ẹ rántí bí a ṣe ń ṣe nílé wa. Kí ẹnikẹ́ni tó rìnrìn àjò, ẹni tó ń lọ náà ló máa ń ní kí gbogbo ilé kúnlẹ̀, Mama á sì gbàdúrà. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ní àárọ̀ tí ẹ fi Kano sílẹ̀, ohùn kan náà, báyìí náà lẹ ṣe sọ ọ́. Mama rò pé ẹ ti rí gèlè funfun, pé ẹ ti dá àwọn mọ̀. Wọ́n rò pé ẹ ń pe àwọn sí àdúrà nítorí oyún ìyàwó wa.

Nígbà tí mo gbé abọ́ wọlé, fóònù wà lórí àpótí. Wọ́n ti tẹ ibi tí mo fi hàn wọ́n, Àdàbà ti wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ẹṣin yín láàárín àwọn tó kù. Mama fúnra wọn náà wà lórí orúnkún, lórí sìmẹ́ńtì, níwájú fóònù. Wọ́n dijú. Wọ́n ń dárúkọ Fọláwùmí àti ọmọ inú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà lẹ sọ̀rọ̀. Ẹ ní, "Ẹ wo eléyìí bí ìyá arúgbó tó ń ta ògì. Ìpele kẹrin. Ta ló ní kí o kúrò lọ́dọ̀ àwọn eku?" Àwọn ẹgbẹ́ yín rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní kí ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i lórí orúnkún. Mama ti lajú. Wọ́n ní, "Bọ́lájí, èmi ni." Ẹ ò lè gbọ́ wọn, torí n kò ṣí ibi tí ohùn tiwa ń gbà jáde. Ẹ fa idà yọ, ẹ gé Àdàbà lulẹ̀.

Mama ò sunkún. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn eruku kúrò lórúnkún, wọ́n ní, "Ohùn rẹ̀ nìyẹn, àbí?"

Láti ọjọ́ náà, Mama ò kúnlẹ̀ mọ́. Mo ti ń ṣọ́ wọn. Nílé, wọn ò kúnlẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọjọ́rú, gbogbo ìjọ wà lórí orúnkún, Mama jókòó. Ìyá Japhet bi wọ́n pé kí ló dé. Mama ní, "Orúnkún tí mo fi bí i ni mo fi kúnlẹ̀ fún un, ó sì fi mí rẹ́rìn-ín. N kò mọ èyí tó kù tí mo máa fi bẹ Ọlọ́run fún un."

Mama ò ṣépè. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn dájú. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí àwọn àgbà ń sọ nípa ìyá tó bá kúnlẹ̀ fún ọmọ, Ìyá Japhet náà mọ̀ ọ́n, wọ́n mi orí, wọn ò sọ ọ́ tán. Ìkúnlẹ̀ ìyàwó wa sì ti sún mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, Bọ̀ọ̀dá.

Zipporah


Winnipeg
Ogúnjọ́, oṣù kẹrin

Zipporah,

Ẹ kú ọdún Àjíǹde. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka lẹ́tà rẹ, ọkọ̀ gbé mi kọjá ilé, n kò mọ̀.

Mo ti kọ ìdáhùn, mo sì ti pa á rẹ́, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Kí ló dé tí o gbé Mama lọ síbi tí kì í ṣe tiwọn? Kí ló dé tí o kò kọ ọ́ sí mi pé wọ́n ń dúró lẹ́yìn odi, tí wọ́n ń wò mí? Àdàbà ni mo rí, n kò rí Mama. Ìpele kẹrin ni mo rí. Níbẹ̀, a kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Ohun tó dára níbẹ̀ nìyẹn, Zipporah. Ibi yòókù gbogbo tí mo ń lọ, ojú ni wọ́n ń wò.

Àti pé ẹni tó kúnlẹ̀ nínú fóònù kì í ṣe ènìyàn, àwòrán ni. Mo ń sọ èyí fún ara mi láràárọ̀.

Ṣùgbọ́n o kọ ọ́ pé Mama wà lórí sìmẹ́ńtì. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé orúnkún wọn kan ilẹ̀? O máa ń rí nǹkan dáadáa, kò burú tó bá jẹ́ pé èyí nìkan ni o kò rí dáadáa.

Má jẹ́ kí Fọláwùmí gbọ́. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru. Ó ń bi mí pé kí ló dé tí Mama ò tíì fi àdúrà ránṣẹ́, mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì Kano ni. Mo ti pe Ìyá Japhet, mo tún pè wọ́n. Ìdáhùn kan náà ni, pé ọwọ́ Mama dí.

Mobọ́lájí


Sabon Gari
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹrin

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ẹ kú ewu bọ́ọ̀sì. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ìyàwó wa.

Orúnkún wọn kan ilẹ̀. Mo rí àmì sìmẹ́ńtì lára rẹ̀, òsì ju ọ̀tún lọ.

Èyí tí ẹ máa bínú sí nìyí: mo ti ka lẹ́tà yín sí Mama létí. Àwọn ni wọ́n bi mí bóyá ẹ ti kọ̀wé, n kò sì lè sọ pé rárá. Wọ́n ń ṣa òkúta lára ìrẹsì. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ ti ní ẹ kì í wo ojú ẹnikẹ́ni, ọwọ́ wọn dúró.

Wọ́n ní, "Sọ fún un pé kì í ṣe pé kò mọ̀ mí ló ń dùn mí. Òkùnkùn lè mú kí ọmọ má dá ìyá rẹ̀ mọ̀. Ká ní kì í ṣe èmi ńkọ́? Ká ní ìyá ẹlòmíràn ni, ṣé ẹ̀rín yẹn ì bá ká a lára báyìí? Àwọn tó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbẹ̀, ta ló ni wọ́n?"

Ni mo bá padà wọ géèmù láti lọ wo ta ló ni wọ́n. Mo pàdé ọ̀kan. Télọ̀ ni, Gwagwarwa níbí ni wọ́n ń gbé, wọ́n ju Mama lọ lọ́jọ́ orí. Ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn mọ́. Wọ́n ní nínú géèmù nìkan làwọn ti ń rìn, àwọn kàn fẹ́ wọlé kí àwọn rí inú ìlú náà ni. Wọ́n ti kúnlẹ̀ fún ẹgbẹ́ yín léraléra. Mo ní kí ló dé tí wọ́n fi ń padà wá. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn."

Ìyá Japhet ti bẹ Mama pé kí wọ́n fọwọ́ kan ọmú tí ẹ mu, kí wọ́n ní àwọn ti dárí jì yín, kó tán. Mama ní àwọn gbìyànjú rẹ̀ ní ìdájí, ẹnu àwọn ò là.

Ẹ dá mi lóhùn kíá. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ bí ti àtẹ̀yìnwá.

Zipporah


Sabon Gari
Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kẹrin

Bọ̀ọ̀dá mi,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa. N kò rí ìdáhùn. Mo wọ géèmù láti wò yín, ẹṣin yín ò sí lẹ́nu ibodè. Orúkọ yín ò sí nínú orúkọ ẹgbẹ́ mọ́. Ẹlòmíràn ló ń jẹ́ Balógun.

Ṣé ẹ wà? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́.

Zipporah


Winnipeg
Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún

Zipporah àbúrò mi,

Mo wà. Má bínú. Ilé ìwòsàn la ti ń lọ tí a ti ń bọ̀.

Mo lọ bá àwọn ẹgbẹ́ mi pé kí òfin ìkúnlẹ̀ dópin. Wọ́n ní kí ló dé, ṣebí gbogbo àwọn náà ti kúnlẹ̀ fún mi nígbà tiwọn, kí àwọn tuntun náà jẹ nínú rẹ̀. Ọ̀kan ní bóyá ọ̀dọ́bìnrin kan ló ti gba orí mi lẹ́yìn odi. Mo wá sọ ọ́. Mo ní ìyá mi ni. Ẹnì kan wá ní, "Balógun, ìyá rẹ wà ní ìpele kẹrin?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹ̀rín yẹn, èmi ni mo kọ́ wọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú wọ́n ti yọ mí.

Mo wá télọ̀ náà lọ lẹ́yìn odi. Mo rìn láàárín àwọn tó ń pa eku, mo ń béèrè. Wọ́n ń sá fún mi, nítorí ìpele mi. N kò rí i.

Ẹsẹ̀ Fọláwùmí ti wú. Wọ́n ní bó bá di ọjọ́ kẹjọ tí kò tíì rọbí, àwọn á fi oògùn fà á. Kì í sùn. Lánàá ó bi mí pé, "Kí ni mo ṣe fún Mama?" Ó rò pé nítorí àyẹ̀wò fi hàn pé obìnrin ni ọmọ náà ni. N kò lè wò ó lójú.

Mo dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì kí n tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Kò sẹ́ni tó rí mi, mo mọ̀ pé kò tó. Kà á sí wọn létí. Sọ pé mo ní ẹ̀rù ń bà mí. Sọ pé n kò bẹ̀bẹ̀ fún ara mi.

Mobọ́lájí


Sabon Gari
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù karùn-ún

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ẹ kú ìnira. Mo kà á sí wọn létí látòkèdélẹ̀. Mama jẹ́ kí n kà á tán. Wọ́n wá bi mí pé, "Kò rí télọ̀ yẹn?" Mo ní kò rí wọn. Wọ́n wé gèlè, wọ́n lọ ra ìrẹsì ní ọjà Singer, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn padà nínú oòrùn yẹn, wọn ò wọ kẹ̀kẹ́. N kò mọ ohun tí wọ́n ń rò.

Èmi kéré sí ẹni tó máa gbà yín nímọ̀ràn, ẹ foríjì mí. Ẹ sọ òtítọ́ fún ìyàwó wa. Ó ń wá ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀ nínú ara rẹ̀. Ìyẹn burú fún un ju ohun tí ẹ ṣe lọ. Tó bá gbọ́ ọ, tó bá ṣì fẹ́ ẹnu Mama, kó pè fúnra rẹ̀.

Zipporah


Winnipeg
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù karùn-ún

Zipporah,

Mo ń fi ọwọ́ kan kọ èyí, ọmọ wà ní ọwọ́ kejì. Ó ti dé. Ìyá rẹ̀ wà láàyè, ó ń sùn.

Òwúrọ̀ ò dára. Ìrọbí dé, ó dúró. Wọ́n ní ọkàn ọmọ ń falẹ̀, wọ́n ti gbé ìwé wá pé kí n fọwọ́ sí i kí wọ́n ṣí inú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni Fọláwùmí gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó pe Ìyá Japhet. Ohun tí Mama sọ fún un, òun nìkan ló gbọ́ ọ. Mo kàn di fóònù mú sí i létí. Iná fóònù ti fẹ́ tán, okùn ṣájà sì kúrú, ihò iná wà nísàlẹ̀ ògiri. Bí mo bá dìde, ó máa yọ, ni mo bá wà lórí orúnkún lórí ilẹ̀ ibẹ̀ títí wọ́n fi gbé ọmọ jáde. Nọ́ọ̀sì ń fò mí kọjá. Orúnkún mi ti kú.

Wọn ò ṣí inú rẹ̀. Sọ fún Mama.

Mobọ́lájí


Sabon Gari
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ẹ kú ewu ọmọ. Ìyàwó wa kú ewu, ó kú oríire, ó kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á dá a sí fún un. Inú mi ò tíì rọlẹ̀ tán, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ tiwa.

Àkókò oúnjẹ ọ̀sán ti ń lọ sópin nígbà tí Ìyá Japhet sáré wọlé, òróró àkàrà ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Kì í ṣe Bọ́lájí o. Ìyàwó ni." Mama gba fóònù, wọn ò dìde. Mo sún mọ́ wọn. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní, "Mama, ó ti sọ gbogbo ohun tó ṣe fún mi. Èmi náà ṣì ń bínú sí i. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí, Mama. Wọ́n ní ọmọ mi ń sùn lọ."

Mama ní, "Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?"

Ó ní, "Òun náà ni."

Mama ní, "Ní kó gbé fóònù sí ọ létí, kó má sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀."

Mo rò pé orí ìjókòó ni wọ́n máa ti gbàdúrà. Wọ́n fi ọwọ́ ti àpò ẹ̀wà, wọ́n sọ ara wọn kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orúnkún òsì ló kọ́kọ́ kanlẹ̀, èyí tó ń dùn wọ́n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ náà bí ẹni pé ó wà nínú yàrá kejì. Wọ́n ń pe ìyá ìyàwó wa tó ti kú pé kó má jìnnà. Wọ́n ń sọ fún Fọláwùmí pé kó mí, kó tún mí. Wọ́n kọ orin. Ohùn wọn há, wọ́n ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà kan fóònù dákẹ́, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ láti ọ̀dọ̀ yín, Ìyá Japhet di etí méjèèjì. Mama ò dúró. Wọ́n ń bá a lọ sínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn.

Kò sẹ́ni tó ta oúnjẹ. Màláàmù dé, ó wò wá, ó bu ìrẹsì fúnra rẹ̀, ó jẹ ẹ́ lóòró, ó fọ abọ́, ó lọ. Nígbà tí ọmọ ké nínú fóònù, oòrùn ti wọ̀. Èmi àti Ìyá Japhet la fa Mama dìde, nítorí wọn ò lè dá dìde.

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ ti tán. Nígbà tí mo ní ṣé kí n sọ fún yín pé wọ́n ti dárí jì yín, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ṣì wà láàárín àwọn pẹ̀lú yín, pé kí ẹ pe àwọn ní Àìkú lẹ́yìn ìsìn, kí ẹ sì wá nǹkan tí ẹ máa sọ nípa télọ̀ yẹn. Ó ní bí wọ́n ṣe sọ ọ́ tí mo fi mọ̀ pé wọ́n máa gbé ìpè náà.

Lẹ́tà yín dé, mo kà á sí wọn létí nígbà tí a ń rẹ ẹ̀wà fún òní. Mo ka ibi okùn ṣájà àti ògiri, àti bí ẹ ṣe wà nílẹ̀ títí ọmọ fi jáde. Mama ní kí n tún ibẹ̀ kà. Mo tún un kà. Wọ́n ń fọwọ́ ro ẹ̀wà nínú omi.

Wọ́n ní, "Ṣé ilẹ̀ ibẹ̀ tutù?"

Mo ní n kò mọ̀.

Wọ́n ní, "Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo ń béèrè.

Zipporah